Bíréèkì òòfà lára rólà-kósítà: bí iná bá lọ ńkọ́?

Màmá Ìbejì, Croydon, béèrè pé:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin ń bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ tó ń to ojú irin rólà-kósítà, ọkọ̀ ìṣeré tó máa ń fi eré gòkè sọ̀kalẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́. Ó ní bíréèkì tí àwọn ń dè mọ́ ìparí ojú irin náà kò ní páàdì, kò ní ọ́ìlì, wáyà iná kankan kò sì wọ inú rẹ̀. Ó ní òòfà lásán ni, òun náà ni yóò sì fa ọkọ̀ tó ń sáré ju mọ́tò orí òpópónà M25 lọ sílẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ohun tí kò fọwọ́ kan nǹkan, báwo ló ṣe fẹ́ dá a dúró? Bí iná bá lọ ńkọ́? Wọn kò tíì kọ́ ọ tán, ta ló ti gùn ún tí wọ́n fi mọ̀ pé yóò mú? Àwọn ìbejì mi ti ń yọ mí lẹ́nu pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i gan-an làwọn fẹ́ lọ. Ṣé kí n kó wọn lọ? Ẹ má fi èdè ìwé dá mi lóhùn o. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

* * *

Ìdáhùn sí Màmá Ìbejì

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Mo ti bá wọn to irú ojú irin bẹ́ẹ̀ rí níbí ní England, ẹ̀ka bíréèkì ni wọ́n sì fi mí sí. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi dè ní bóòtù ni mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ iná tó ń bà yín lẹ́rù ni kí n kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀. Òòfà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí iná ń sọ di òòfà. Neodymium, irin àti boron ni wọ́n pò pọ̀ fi ṣe é, agbára rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé iṣẹ́. Kí iná gbogbo ìlú lọ, kò kàn án.

Wọ́n á tò ó ní ìlà méjì tó dojú kọ ara wọn, wọ́n á fi àlàfo tóóró sáàárín. Wọ́n á wá so bàbà tàbí àlùmíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó gùn mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé, pẹlẹbẹ yẹn á gba àárín òòfà kọjá láìfara kan èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn mìíràn a máa yí i padà, òòfà á wà lábẹ́ ọkọ̀, bàbà á wà lára ojú irin. Iṣẹ́ kan náà ni.

Nígbà tí bàbà bá ń sáré kọjá níwájú òòfà, iná mànàmáná á dìde nínú bàbà fúnra rẹ̀, á máa yípo níbẹ̀. Iná tó ń yípo yìí á ní òòfà tirẹ̀, ìyẹn á sì máa ti ọkọ̀ padà síbi tó ti ń bọ̀. Heinrich Lenz ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1834. Ní 1855, Léon Foucault ará Faransé fi hàn pé àwo bàbà tó bá ń yí láàárín òòfà máa ń ṣòroó yí, ó sì máa ń gbóná. Kì í ṣe idán tuntun.

Eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an ló ń pèsè iná tó ń dá a lẹ́kun. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí wáyà níbẹ̀.

* * *

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òòfà ń fa irin

Ọ̀pọ̀ yín ló kọ ọ́ pé òòfà ń fa irin, nítorí náà òòfà ló ń di ọkọ̀ mú. Rárá o. Bàbà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà, àlùmíníọ̀mù náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní irin lásán ni wọ́n so sábẹ́ ọkọ̀, òòfà á kọ́kọ́ fà á wọlé tagbáratagbára, á tún fà á padà nígbà tó bá ń jáde, á sì máa gbé e lù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn kì í ṣe bíréèkì.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó ra páìpù bàbà tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, èyí tó gùn tó mítà kan, kó wá òòfà neodymium róbótó tó lè gba inú rẹ̀ kọjá láìhá. Kó gbé páìpù náà dúró ṣánṣán, kó sọ òòfà náà sínú rẹ̀ láti òkè. Nǹkan mìíràn tó wúwo tó o ì bá ti bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Òòfà yìí yóò máa rọra bọ̀ wálẹ̀, ẹ óò lè máa wò ó láti ẹnu páìpù.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò dúró. Ó kàn ń falẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìjà wa máa ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

"Bí kò bá lè dá a dúró, bíréèkì wo nìyẹn?"

Ẹnì kan ló fi ìbínú béèrè èyí, ìbéèrè gidi sì ni. Bíréèkì òòfà kò lè dá ọkọ̀ dúró pátápátá, kò sì lè dì í mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Eré ló ń bí agbára rẹ̀. Bí eré bá tán, agbára náà tán. Bí ojú irin bá dagun díẹ̀, ọkọ̀ á máa yọ́ lọ láàárín òòfà títí yóò fi jáde ní òdìkejì.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òòfà nìkan ló tó, kò tíì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ òòfà ni láti gba eré ńlá lọ́wọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì páàdì tó ń lo afẹ́fẹ́, tàbí táyà tí mọ́tò ń yí lábẹ́ ọkọ̀, ni yóò gba ìyókù, tí yóò sì gbé e wọ ibùdó wẹ́rẹ́. Táyà yẹn ń lo iná. Bí iná bá lọ, ọkọ̀ kò ní já wọ ibùdó. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò máa rìn nígbà tó bá débẹ̀, páàdì tí wọ́n ṣe kó lè pa dé fúnra rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán ni yóò sì mú un.

Àǹfààní tí mo rí nínú rẹ̀ ju ti páàdì lọ ni pé òjò kò kàn án. Páàdì tó tutù máa ń yọ̀, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró láàárọ̀ nítorí ìrì lásán. Òòfà kò fara kan nǹkan, nítorí náà kò sí ohun tí omi fẹ́ yọ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ tán bíi páàdì, kò sí ariwo. Ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ náà gbádùn rẹ̀, torí bí eré ṣe ń lọ sílẹ̀ ni agbára bíréèkì náà ń rọlẹ̀. Kì í fi orí yín lu àga iwájú.

* * *

Ẹnjiníà tó kọ̀wé láti Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sí wa pé ohun kan náà ni bíréèkì yìí àti ti rélùwéè. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin ICE 3 ti Jámánì ní bíréèkì tó ń lo iná tó ń yípo nínú irin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òòfà tó wà lábẹ́ ICE 3 iná ló ń gbé e dìde, ojú irin fúnra rẹ̀ ló sì ń gbóná. Nítorí ìyẹn ni kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni wọ́n gbà á láyè láti lò ó. Ọ̀nà Cologne sí Frankfurt tí wọ́n ṣí ní 2002 wà lára àwọn tí wọ́n dìídì kọ́ kó lè gba irú rẹ̀. Ti rólà-kósítà kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà tirẹ̀ ló ń gbóná, kì í ṣe ojú irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn, kò sì sí ẹni tó ń tan òòfà rẹ̀ tàbí tó ń pa á. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ni yóò máa wá jẹnẹrétọ̀ kiri.

* * *

Iṣẹ́ orí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ

Àbúrò yín yóò mọ èyí dáadáa, Màmá Ìbejì. Bóyá òun náà á bá wa dá sí i.

Ìgbà tí ìkọ́lé ń lọ lọ́wọ́ ni agbára bíréèkì òòfà máa ń di pípinnu. Bíréèkì páàdì, ẹ lè mú kó le sí i lọ́la bó bá falẹ̀ lónìí. Ti òòfà, ibi tí ẹ bá gbé e sí, bí àlàfo rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti bí bàbà ṣe wọlé jìn tó, òun ni yóò máa jẹ́ títí ẹ ó fi tún tú u. Bí agbára òòfà bá di ìlọ́po méjì, agbára bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí àlàfo bá fẹ̀ débi tí agbára òòfà inú rẹ̀ dín ní ìdá 10 nínú 100, ìdá 19 ni yóò kúrò lára bíréèkì. Àlàfo tí ojú lásán kò ní rí ni mò ń wí o. Nítorí náà la ṣe máa ń fi ìwọ̀n wọ àárín òòfà kọ̀ọ̀kan, orí, àárín àti ìdí, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá wa kan kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà onírin súnmọ́ ibẹ̀. Sípánà onídẹ ló ń kó fún wa. Mo rò pé ó ń ṣe àṣejù títí di ọjọ́ tí mo rí bí òòfà méjì ṣe já ara wọn gbà lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú, tí ọ̀kan sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ká ní ìka ẹnì kan wà láàárín wọn ni, ì bá ti ba ìka náà jẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé itòsí ibẹ̀ rárá. Eruku irin náà jẹ́ ìyọnu: bí ẹnì kan bá ń gé irin lọ́wọ́ òkè afẹ́fẹ́, gbogbo ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ ni yóò wá lẹ̀ mọ́ ojú òòfà, àlàfo á kún, á sì máa ha bàbà lára. Nítorí náà ni mo ṣe sọ ọ́ níbi gbogbo pé kí gígé àti jíjó irin parí kí wọ́n tó gbé òòfà jáde nínú páálí. Àwọn tó ń sáré kí ọjọ́ ìṣíṣọ lè pé kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n láti Ìkòròdú tó ní wọn ó jí bàbà náà

Ẹ̀rù yín kì í ṣe ti ilé nìkan, sà. Níbí náà, wọ́n ń jí wáyà bàbà ojú irin rélùwéè, ọkọ̀ á sì dúró láìlọ. Níbi tí a ti ṣiṣẹ́, inú àpótí ńlá onírin tí wọ́n tì pa ni bàbà wa máa ń sùn, ọjọ́ tí a bá fẹ́ dè é gan-an ló ń jáde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kejì ló wù mí jù: kí ló dé tí wọn kò fi àlùmíníọ̀mù ṣe gbogbo rẹ̀, kí ọkàn balẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí iná bá ṣe ń gba inú irin kọjá dáadáa tó ni bíréèkì rẹ̀ ṣe ń lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo eré. Bí eré bá ń pọ̀ sí i láti ìsàlẹ̀, agbára bíréèkì ń pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, títí yóò fi dé ibì kan tó ti ga jù. Bí eré bá kọjá ibẹ̀, agbára náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Bàbà pọ́ńbélé tó nípọn máa ń dé góńgó rẹ̀ nígbà tí eré ṣì kéré. Àlùmíníọ̀mù, tàbí bàbà tí wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́, máa ń dé tirẹ̀ nígbà tí eré ti pọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń já bọ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé, bàbà pọ́ńbélé tó nípọn lè má mú un tó bí ẹ ṣe rò ní ẹnu ọ̀nà. Ohun tó gbówó lórí kọ́ ló yẹ níbi gbogbo. Ẹni tó ń ya àwòrán rẹ̀ ní láti mọ eré tí ọkọ̀ fi ń wọlé àti èyí tó fẹ́ kó fi jáde, kó tó mú irin.

* * *

Ṣé ọkọ̀ òfìfo tó láti fi dán an wò?

Arákùnrin kan kọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé tí ọkọ̀ òfìfo bá ti lọ, tó bọ̀, tó dúró, iṣẹ́ parí. Èyí ni mo fẹ́ bá jà jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí eré bá ṣì wà nísàlẹ̀ góńgó tí mo sọ lókè yẹn, mítà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá rìn láàárín òòfà ń gba iye eré kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ òfìfo wúwo tó tọ́ọ̀nù 8, tó wọlé pẹ̀lú kìlómítà 60 ní wákàtí, tí mítà kan ń gba kìlómítà 2 lára eré rẹ̀. Lẹ́yìn mítà 25, eré 50 ti lọ, yóò jáde pẹ̀lú 10. Ó dára, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́.

Ẹ wá kó èèyàn sínú rẹ̀ kó di tọ́ọ̀nù 10. Òòfà kò yí padà, ẹrù ló yí padà. Mítà kan kò ní lè gbà ju 1.6 lọ mọ́. Lẹ́yìn mítà 25 náà, 40 péré ló lọ, yóò jáde pẹ̀lú 20. Ìlọ́po méjì eré. Agbára tó wà nínú rẹ̀ tí páàdì tàbí táyà níwájú gbọ́dọ̀ gbà sì di ìlọ́po márùn-ún, torí ẹrù náà ti pọ̀ sí i. Ẹni tó fi ọkọ̀ òfìfo ṣe ìwọ̀n rẹ̀ ti fi nǹkan pamọ́ fún ọjọ́ tí ọmọlọ́mọ bá jókòó.

Ìyẹn ló fà á tí ẹ fi máa ń rí àwọn ère oníke tí omi kún inú wọn lórí àga nígbà ìdánwò. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ni èrò títí èrò gidi yóò fi dé. Kí ọkọ̀ tiẹ̀ tó fi eré kankan lọ, wọ́n á kọ́kọ́ fà á ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀ yí gbogbo ojú irin po, kí wọ́n lè rí i pé kò sí ibi tó ti ń fara gbo nǹkan. Ibi bíréèkì ni mo máa ń dúró sí ní ọjọ́ yẹn. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí n lè rí ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bàbà. Bí mi ò bá rí i, mo máa ń pariwo pé kí wọ́n dúró.

Ojú ọjọ́ náà ń bá wa ṣiṣẹ́ pọ̀. Láàárọ̀ òtútù, gíríìsì inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ nípọn, ọkọ̀ a máa lọ́ra, ó sì lè má tilẹ̀ gun òkè kan kọjá. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá, ó ń wọ bíréèkì pẹ̀lú eré tó ju ti àárọ̀ lọ. Ní àsìkò yẹn gan-an ni bàbà náà ti gbóná. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 10 tó bá wọlé pẹ̀lú kìlómítà 60 ń gbé ooru tó tó èyí tí kẹ́tùlù wátì 2,000 yóò lo ìṣẹ́jú 11 ó lé kó tó mú un jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń wọ inú pẹlẹbẹ náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ooru bàbà bá fi ìwọ̀n Celsius 25 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa bíi tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ni yóò dín. Nígbà tí eré bá kéré, bíréèkì náà á rọ̀ bákan náà. Eré pọ̀ sí i, bíréèkì dín kù, wákàtí kan náà. Ẹ ò wá rí i pé ìdánwò àárọ̀ nìkan kò tó?

* * *

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bú bíréèkì àárín ọ̀nà

Ẹ ní àwọn òòfà tí wọ́n ń fi sí àárín ojú irin láti dín eré kù ń ba adùn jẹ́. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìṣirò orí ìwé àti ọkọ̀ tó ń sáré nínú afẹ́fẹ́ gidi kì í sábà bára mu tán. Bí ọkọ̀ bá fi eré tó ju bó ṣe yẹ lọ dé ibi ìyípo kan, ọrùn èrò àti irin ni yóò gbà á. Èmi fara mọ́ kí wọ́n fi òòfà tó ṣeé sún síwá-sẹ́yìn síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè ṣe é bó ṣe yẹ nígbà ìdánwò, ju kí wọ́n wá máa jó irin mọ́ irin lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i.

* * *

Thorpe Park, àti ìbéèrè iná lẹ́ẹ̀kan sí i

Màmá Ìbejì, ẹ tún kọ̀wé pé Hyperia, rólà-kósítà kan ní ọgbà ìgbafẹ́ Thorpe Park ní England, ni àwọn ọmọ ń pariwo rẹ̀ látijọ́ kí tuntun yìí tó gba ẹnu wọn. Òun ló ga jù ní Britain, mítà 72, eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 130 ní wákàtí. Mack Rides ti Jámánì ló ṣe é, May 2024 ni wọ́n sì ṣí i. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ nínú ọgbà yẹn, Stealth, ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn dáadáa.

Stealth ti wà níbẹ̀ láti 2006. Wọn kì í fà á gòkè pẹ̀lú ṣéènì. Ẹ̀rọ ló ń ta á látorí ilẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì yóò ti máa sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 130, yóò sì gun òkè tó ga ju mítà 60 lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá ta á tó, bóyá atẹ́gùn dojú kọ ọ́, kò ní lè kọjá ṣóńṣó òkè. Yóò padà sẹ́yìn, yóò sì máa já bọ̀ wálẹ̀ síbi tó ti kúrò, ẹ̀yìn ni yóò fi ṣíwájú. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé yóò máa ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe to bàbà pẹlẹbẹ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á, tí wọ́n sì so òòfà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Kí wọ́n tó ta ọkọ̀, àwọn bàbà náà á wọlẹ̀ kí wọ́n má bàa dí i lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, wọ́n á tún dìde. Bó bá padà wá, ó ti bá wọn lórí ìdúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé "bí iná bá lọ lẹ́yìn tí bàbà ti wọlẹ̀ ńkọ́?", ẹ kú làákàyè. Ìbéèrè yẹn ni ẹni tó ń ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé wíwọlẹ̀ bàbà ni kó máa gba agbára, dídìde rẹ̀ ni kó máa wá fúnra rẹ̀. Ohun tó bá nílò iná kó tó lè gba ẹ̀mí là, ẹ tún un yà.

* * *

Èyí tó ń dùn mí

Gbogbo wa ń jà lórí òòfà. Jàǹbá tí mo máa ń rántí ní Britain kò ti ọwọ́ òòfà wá.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 2015, ní ọgbà ìgbafẹ́ Alton Towers, ọkọ̀ rólà-kósítà tó ń jẹ́ Smiler tó gbé èèyàn 16 lọ kọlu ọkọ̀ òfìfo kan tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, tó ti há sórí ojú irin. Èèyàn márùn-ún fara pa yánnayànna, méjì nínú wọn pàdánù ẹsẹ̀. Ojú irin rólà-kósítà pín sí ìpín-ìpín, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbọdọ̀ wà nínú ìpín kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà rí i pé ìpín tó wà níwájú kò ṣófo, ó dá ọkọ̀ tó gbé èèyàn dúró. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti há, wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọjá àṣẹ rẹ̀. Ní 2016, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lé iléeṣẹ́ Merlin tó ń darí ọgbà náà. Ohun tí ilé ẹjọ́ rí ni pé ètò iṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kò tó.

Mo gbé e wá síbí nítorí pé ọkọ̀ ìdánwò ni ọkọ̀ tó há náà. Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́ nǹkan, tàbí tí wọ́n bá ń dán an wò, ni àwọn èèyàn máa ń mọ́ ọn lára láti máa kọjá àṣẹ kọ̀ǹpútà, torí sẹ́ńsọ̀ kò tíì dúró dáadáa, torí ẹni tó ń kọ ètò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ á ti mọ bọ́tìnì yẹn. Bí ọgbà bá ṣí tán, ọwọ́ yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Èmi ò bẹ̀rù òòfà. Bọ́tìnì yẹn ni mo bẹ̀rù, mo sì fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni náà fi ẹsẹ̀ rìn yí ojú irin ká, kó ka ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó lò ó.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìpín yìí tún kan bíréèkì òòfà? Ibi tí ìpín kan bá parí sí gbọ́dọ̀ lè dá ọkọ̀ dúró pátápátá, kó sì dì í mú. Òòfà nìkan kò lè ṣe é. Bí ẹ bá rí àwòrán tó fi òòfà nìkan sí ẹnu ìpín, láìsí páàdì tàbí táyà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀.

* * *

Ìdáhùn tó kẹ́yìn sí Màmá Ìbejì

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Tí èmi bá ní ìbejì tó ga tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà, màá kó wọn lọ. Ní Britain, àwọn olùyẹ̀wò tí ADIPS, ètò àyẹ̀wò ẹ̀rọ ìṣeré, fọwọ́ sí ń yẹ àwòrán rẹ̀ wò, wọ́n ń rí ìdánwò rẹ̀ kí ará ìta tó gùn ún, wọ́n sì tún ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ní Yúróòpù, EN 13814 ni ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé.

Àbúrò yín ni mo ní iṣẹ́ fún. Kó béèrè ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n àlàfo òòfà kọ̀ọ̀kan sí, kó rí i pé ìwọ̀n náà jẹ́ èyí tí wọ́n mú lẹ́yìn tí wọ́n ti dè é pa, kì í ṣe ṣáájú. Kó béèrè bóyá ọkọ̀ tó kún fún omi ti lọ ní ọ̀sán, kì í ṣe ní àárọ̀ nìkan, kó sì béèrè eré tó fi jáde nínú òòfà. Bí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, pé ìwé náà ń bọ̀ lọ́la, kó dúró de ọ̀la.